Ẹni Tó Dákẹ́ ní Wọ́ọ̀dù

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ṣe lè gba 70 nínú 100 lórí ìwé, kó wá yadi tó bá dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ bi àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin tàbí Òkè-Òde, ẹ bi àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí wọ́ọ̀dù ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, wọ́n á ní àwọn mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n dárúkọ. Púpọ̀ nínú orúkọ tí wọ́n máa dá kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Ọmọ Ìbàrìbá láti Kosubosu ni, tàbí ọmọ Tápà láti Lafiagi, tàbí ọmọ Fúlàní tí gáà wọn wà lẹ́yìn Ṣàárẹ́. Bó bá sì jẹ́ orúkọ Yorùbá ni wọ́n dá, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọjá ilé ìwé girama nílé wọn, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi owó ẹ̀lùbọ́ rán an níwèé.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yìí la fi ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. A gbà pé ẹni tó bá mọ̀ á sọ, pé ẹni tí kò bá sọ kò mọ̀. Nígbà tí a bá sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, a ó ní, "Máa gbìyànjú, Ọlọ́run á ṣe é." Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó di ẹnu ọmọ, kí ló fẹ́ kí Ọlọ́run bá a ṣí? Iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ dání, ni mo fẹ́ sọ.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń fi iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́. Ibà líle ti dá ọmọ kan dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti kọ abẹ́rẹ́ artesunate fún un. Sístà yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn pátápátá: "Ìwọ, tẹ́ẹ̀nì kílò lọmọ yìí, mílí mélòó la máa fà?" Akẹ́kọ̀ọ́ wolẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹlòmíràn dáhùn, wọ́n sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà nínú ìdákẹ́ yẹn, ojú kan náà sì ni gbogbo wọn ní. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò yé e, torí pé àdàlú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni, tí kò sì mọ̀ pé "fà" tí sístà wí, oògùn inú síríńjì ló ń sọ. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà mẹ́fà tó dúró yí i ká. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Àwa kàn ń lo oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀: "Lọ kàwé ẹ."

Ẹ wo ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni oògùn yẹn, mílígíráàmù 60 nínú ìgò kékeré. A ó kọ́kọ́ fi mílí (mílílítà) 1 oògùn olómi tó bá a wá nínú páálí yọ́ ọ, kó tó di pé a fi mílí 5 omi iyọ̀ lé e bó bá jẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ la máa gún un sí. Gbogbo rẹ̀ di mílí 6, ìyẹn mílígíráàmù 10 nínú mílí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò tó kílò 20 á gba mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á gba 2.4. Ọmọ kílò 10 wa á gba mílígíráàmù 30, mílí 3 la ó fà nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹran itan la máa gún, mílí 2 omi iyọ̀ la ó fi lé e, á sì di mílígíráàmù 20 nínú mílí kan. Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ ti kùnà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní mílí 2.5 kì í ṣe òpè. Ìpín rẹ̀ gún régé, mílí 1 àkọ́kọ́ yẹn ló gbàgbé, ó wá fi mílí 5 pín 60. Ẹni tó ní mílí 2.4 mọ ìṣirò ju bí a ti rò lọ, ìwọ̀n àgbà ló lò fún ọmọdé. Àṣìṣe méjèèjì máa jẹ́ kí oògùn ọmọ náà dín, ó sì léwu, ṣùgbọ́n orísun wọn jìnnà síra. Ẹni tó ń fi ẹnu béèrè lójú agbo kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn láé.

Nítorí náà, olùtọ́sọ́nà tó mọṣẹ́ kò ní tún ìbéèrè náà bi í lójú gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá parí, á pè é sídìí tábìlì, á kọ ìbéèrè náà sórí bébà ní Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi í nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, á sì fún un ní ìṣẹ́jú méjì. Tó bá kọ mílí 3, ìmọ̀ wà nílẹ̀. Èdè tàbí ìbẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Tó bá kọ 2.5, àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, pẹ̀lú ìgò òfìfo kan lọ́wọ́ tí yóò fi rí i bí mílí 1 àti mílí 5 ṣe di 6. Tí kò bá kọ nǹkan kan, kó ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá. Ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá ìpín àti ìsọdipúpọ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ọmọ tó bá lo odidi sáà méjì láìrí olùkọ́ ìṣirò nílé ìwé girama, ìwé nọ́ọ̀sì kọ́ ló máa kọ́ ọ ní ìṣirò.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìṣirò mẹ́ta lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí nọ́ḿbà rẹ̀ sì máa ti inú fáìlì wọ́ọ̀dù jáde. Omi dírípù lítà 1 fún wákàtí 8, okùn tó ń kán ẹ̀kán 20 nínú mílí kan: 1,000 ní ìlọ́po 20, ká pín in sí ìṣẹ́jú 480, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú á ní 2,500. Kí olùtọ́sọ́nà má tètè wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kó ní kó lọ dúró níwájú okùn omi kan, kó sì wò ó bóyá ó lè ka ẹ̀kán 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ḿbà yẹn fúnra rẹ̀ á pariwo pé irọ́ lòun.

"Àyà ń já mi" kì í ṣe àyà dídùn

Àwa tí wọ́n bí sínú Yorùbá kì í mọ̀ pé èdè wa le fún àjèjì ní ọsibítù. Gbogbo ẹ̀yà ara la fi ń sọ àìsàn, àwọn kan náà la sì fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ Yorùbá lọ́jà mọ "èló ni" àti "ẹ dín in kù". Ó wá dé wọ́ọ̀dù, ìyá kan ní, "Inú ń run mí." Ọ̀la, ìyá yẹn kan náà ní, "Inú ń bí mi," torí pé ó ti pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò dá a lóhùn. Bàbá kan ní, "Àyà ń dùn mí," èyí tó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ sáré pe dókítà. Ẹlòmíràn ní, "Àyà ń já mi," torí pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́la, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kọ inú rírun fún ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọ àyà dídùn fún àwọn bàbá méjèèjì. Ó pa yín lẹ́rìn-ín? Fáìlì kò mọ ẹ̀fẹ̀.

Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yìí kò ní jẹ́ ti ìkíni lásán. Ogójì gbólóhùn péré, ká kọ wọ́n sínú ìwé kékeré tó wọ àpò, márùn-ún lójúmọ́, á tó ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kìíní: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." "Níbo ló ń dùn yín?" "Láti ìgbà wo?" "Ẹ fọwọ́ kàn án fún mi." Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Gbólóhùn "ẹ fọwọ́ kàn án" yẹn ló máa gba púpọ̀ là, torí aláìsàn tí àyà ń dùn á gbé ọwọ́ lé ibì kan, ẹni tí àyà ń já á kàn wò ẹ́ lójú ni. Bí àyà tó ń lù kìkì náà bá wà níbẹ̀, ọwọ́ tí nọ́ọ̀sì fi kan iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á sọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" ńkọ́? Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gbọ́ èdè náà dáadáa á sọ fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún pé, "Ṣé o ti jẹun?" Inú rẹ̀ mọ́, ó fẹ́ tọ́jú bàbá. Bàbá ní, "Ta ló bí eléyìí?" Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọ́ọ̀dù ti gbọ́ pé ọmọ Ìbàrìbá yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìjẹ́wọ́ kan rèé: nínú gbogbo ẹ̀sùn àìlẹ́kọ̀ọ́ tí mo mọ̀ pé wọ́n fi ń kan irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, arọ́pò orúkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní "ẹ" lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì máa fi bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, tọmọdé tàgbà. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n bá sọ "ẹ" sí á kàn rẹ́rìn-ín ni.

A máa ń wí pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ fún ẹni tó béèrè ní wọ́ọ̀dù: "O ò gbọ́ ni?" "Ṣé o ò lọ sí kíláàsì ni?" Lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ní béèrè mọ́. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa fi hàn án.

20, 20, 20, 22, 20

Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ wo ibi tí wọ́n ń kọ mímí sí. Bí gbogbo aláìsàn mẹ́wàá bá ń mí ní 20 tàbí 22, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò kà á. Ká má purọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àyà aṣọ rẹ̀ bóyá aago wà níbẹ̀. Aago kékeré tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há aṣọ iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọ́ọ̀dù púpọ̀ kò gba kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù dání, ẹni tí kò bá ní aago ń méfò ni.

Ìméfò yẹn ń pa ọmọ. Ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá tó bá mí ní 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, mímí rẹ̀ ti yá jù. Ti ọmọ ọdún kan sí márùn-ún ni 40. Odidi ìṣẹ́jú kan la fi ń kà á, torí mímí ọmọ kékeré kì í lọ déédéé, ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú àáyá 15 tó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin lè fi mẹ́jọ tàbí méjìlá ṣìnà. Ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tijú ní ọgbọ́n yìí: tó bá ti ka ìlùkìkì ọwọ́ aláìsàn tán, kó má fi ọwọ́ náà sílẹ̀, kó dì í mú bí ẹni pé ó ṣì ń kà á, kó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo bí àyà ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo mímí òun á yí i padà.

Ẹ má bi í pé, "Ṣé o lówó?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé, "Ta lo yá aago lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?" "Aṣọ iṣẹ́ mélòó lo ní?" Aṣọ kan kò lè gbẹ mọ́jú lásìkò òjò, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọmọ kan fi máa ń pẹ́ dé lóṣù keje, tí wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bíírò pupa tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ òru, bàtà tó bo ẹsẹ̀, owó ọkọ̀ láti àárín ìlú dé ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin lójú ọ̀nà Jẹ́bà: nǹkan kéékèèké ni, àwọn ló sì ń dá ọmọ dúró nílé. Ẹ kó aago mẹ́ta àti aṣọ mẹ́rin sínú páálí kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ síwèé mú un bí ẹni ń mú ìwé nílé ìkàwé. Ẹ má pe àpéjọ lé e lórí, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ọmọ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aago ọ̀fẹ́ kò ní fẹ́ kí ojú rẹ̀ tún kan ti ẹni tó fún un mọ́.

Ohun mìíràn tí ará ìlú ńlá kì í rò: owó ìdílé àgbẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gbin ìrẹsì ní Pátígi máa ń rí owó lẹ́yìn ìkórè, bí ọdún bá ń parí lọ. Bí owó ilé ìwé bá bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, gbèsè ni, kì í ṣe àìbìkítà. Lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ìnáwó ilé ìwé, kí ọjọ́ tó pé, tó sọ oṣù tí owó máa wọlé, ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò lọ. Ẹni tí kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí ni kí olùtọ́sọ́nà jókòó tì kọ èyí àkọ́kọ́.

Ta ló lè ṣe é?

Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ohun tó pọn dandan ni pé kì í ṣe òun ló ń fún ọmọ náà ní máàkì. Ẹnikẹ́ni kì í sọ àìmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó máa fi kọ "ó kùnà". Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti tó fún ẹnì kan tó ń ṣe òru àti ọ̀sán. Tó bá gba mẹ́fà, á di pé ó ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, ibì kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó má jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀. Bó bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, kó má jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀sìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ìtọ́sọ́nà.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kì í ṣe ìkà. Ó máa ń jẹ́ pé ìtọ́sọ́nà rọra di ọmọ ọ̀dọ̀. "Bá mi ra búrẹ́dì ní gééètì." "Wá bá mi wo ọmọ lọ́jọ́ Sátidé." Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹlòmíràn ní Ìlọrin kò ní lè kọ̀. Bí mátíróònù bá rí i pé ọmọ kan ti ń ra nǹkan fún olùtọ́sọ́nà rẹ̀ ju bó ti ń ṣe ìṣirò lọ, kó yí ọmọ náà padà síbòmíràn láìsí ariwo.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé obìnrin Ìbàrìbá dé

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wọ́ọ̀dù máa rántí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dákẹ́. Wọ́n á gbé aboyún kan dé láti Baruten, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n á pe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n rò pé ó yadi á máa sọ̀rọ̀ bí omi, á béèrè ìgbà tí omi tú, á béèrè bóyá ọmọ ń yí nínú, á sì padà sọ fún dókítà. Ó dára kí wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó túmọ̀, kí wọ́n má sì máa fà á jáde nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ nítorí èdè rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìyọ̀ǹda fún iṣẹ́ abẹ, dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, gbólóhùn kan kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa túmọ̀ rẹ̀. Àlàyé náà kò gbọ́dọ̀ di ẹrù tirẹ̀.

Yorùbá náà ti wà nípò yẹn rí. Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, aláìsàn kan sì kọ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú má tọ́jú òun. Òun náà ló padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn. A fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí bàbá kan ní wọ́ọ̀dù wa bá ní kí wọ́n mú Fúlàní yẹn kúrò lọ́dọ̀ òun, kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé, "Bàbá, nọ́ọ̀sì wa ni, èmi náà dúró tì í," kó sì dúró tì í lóòótọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Yíyí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sí bẹ́ẹ̀dì mìíràn ló rọrùn jù. Ohun tí a sì ń ṣe nìyẹn.

Bí olùtọ́sọ́nà bá ń lọ

Ìṣòro tó kù kéré lójú, ó sì ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀sì ń kúrò. Wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn, tàbí kó rí ìwé ìrìnnà lọ sí Ìlú Ọba, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tún di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. A kì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìfi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ló dé tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ìdajì ojú ìwé ti tó. Ohun tó ti mọ̀: ó ń ṣe ìṣirò oògùn fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ wo àmì ìdá rẹ̀, irú èyí tó wà nínú 2.4, lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́: gbólóhùn Yorùbá 28 nínú 40. Ohun tó wà nílẹ̀: lẹ́tà owó ilé ìwé, èsì rẹ̀ kò tíì dé. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú agbo, ẹ fún un ní bébà. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó papọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ẹni tó máa ka ìwé náà sókè.